Imí-ọjọ́: Láti Ẹnu Òkè Oníná Dé Oko Wa

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ro oko ní Dakace àti ní agbègbè Zaria gbogbo, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó mọ ibi tí ó ti ń wá. Ohun náà ni imí-ọjọ́.

Àwọn ọdẹ mọ imí-ọjọ́ nítorí pé ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn ni. Èédú ni ìkejì, ìkẹta sì ni èlò kan tí ó dà bí iyọ̀. Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n nítorí kúrùnà ara ọmọdé: wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ òrí, wọ́n á sì fi pa ọmọ lára. Àwọn tí ń ka Bíbélì ti rí i nínú ìtàn Sódómù àti Gòmórà. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé ń pè é ní farar wuta, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ iná funfun. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò láàrin wa.

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀. Èkíní, oúnjẹ ni imí-ọjọ́ jẹ́ fún ẹ̀pà, ẹ̀wà, òwú àti àlùbọ́sà wa. Èkejì, ilẹ̀ apá ibí kò ní in tó. Ẹ̀kẹta, àwa fúnra wa ni a ń fi ọwọ́ ara wa dáná sun nínú ìwọ̀nba tí ilẹ̀ ní, lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìnrìn àjò dé ilẹ̀ ibi tí imí-ọjọ́ ti ń ti inú ilẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, kí a tó padà wá sí oko.

ÒKÈ ONÍNÁ ILẸ̀ JAPAN

Orílẹ̀-èdè Japan jẹ́ àkójọ àwọn erékùṣù tí ó wà nínú òkun ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ṣáínà. Ní abẹ́ ilẹ̀ wọn, ibi tí ó jìn gan-an, ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta fi ń yọ́ bí òrí ti ń yọ́ nínú ìkòkò. Níbi tí ilẹ̀ bá ti la ẹnu, òkúta yíyọ́ náà a máa ru sókè, a sì máa tú jáde pẹ̀lú iná, eérú àti èéfín. Irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ̀wé wa ń pè ní òkè ayọnáyèéfín. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, òkè oníná ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ìjọba Japan ka irú òkè bẹ́ẹ̀ 111 tí kò tíì kú ní ilẹ̀ wọn.

Báwo ni imí-ọjọ́ ṣe ń ti ibẹ̀ jáde? Gáàsì ń bẹ nínú òkúta yíyọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá ṣí ìdérí ìgò, gáàsì á hó jáde. Bákan náà ni ó rí nígbà tí òkúta yíyọ́ bá súnmọ́ òkè ilẹ̀. Méjì nínú àwọn gáàsì náà ni ó ní imí-ọjọ́ nínú. Ọ̀kan ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Èkejì ni ó ń ta ni nímú, bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ìṣáná. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ihò orí òkè, tí wọ́n sì tutù, imí-ọjọ́ á dì mọ́ ara òkúta ibẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì rí bí ìyeyè tí ó pọ́n. Ẹ rántí bí èéfín ti ń di èédú mọ́ àjà ilé ìdáná. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Imí-ọjọ́ pọ̀ ní Japan débi pé òkè tí ń jẹ́ Iōzan níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo, ìtumọ̀ orúkọ yìí sì ni Òkè Imí-ọjọ́. Erékùṣù Iwo Jima, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ti Japan ti ja ìjà àjàkú akátá ní oṣù kejì àti ìkẹta ọdún 1945, Erékùṣù Imí-ọjọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1936, òkè kan ní Shiretoko, lápá àríwá orílẹ̀-èdè náà, pọ imí-ọjọ́ yíyọ́ tí ó lé ní 100,000 tọ́ọ̀nù. Ó ń ṣàn lọ nínú àfonífojì bí odò. Bí a bá ní kí á fi ọkọ̀ akẹ́rù tí ń gbé tọ́ọ̀nù 10 kó o, a ó nílò irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ 10,000.

Ẹ̀MÍ TÍ Ó BÁ A LỌ

Ó ti tó 1,000 ọdún tí àwọn ará Japan ti ń ta imí-ọjọ́ fún àwọn ará Ṣáínà, tí àwọn yẹn sì ń fi í ṣe ẹ̀tù. Nígbà tí ó yá, ilé-iṣẹ́ ìṣáná, ilé-iṣẹ́ ìwé àti ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ ń wá a lójú méjèèjì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè oníná lọ wà á. Wọn a tẹ́ ọ̀pá sórí ihò tí èéfín ń bá jáde, kí èéfín náà lè tutù nínú ọ̀pá, kí imí-ọjọ́ sì máa kán sílẹ̀ bí omi. Bí ó bá dì, wọn a fọ́ ọ, wọn a sì kó o sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a rí lẹ́nu kìnnìún, a kì í gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní àwọn ọdún 1880 sí 1889, wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ ṣe iṣẹ́ yìí ní òkè Atosanupuri, èéfín ibẹ̀ sì ba ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1900, òkè Adatara bú gbàmù, àwọn 72 tí wọ́n wà níbi ìwakùsà imí-ọjọ́ orí rẹ̀ sì kú. Ní ọdún 1926, òkè Tokachi bú, ooru rẹ̀ yọ́ yìnyín orí òkè, ẹrẹ̀ gbígbóná sì ya lu àwọn abúlé ìsàlẹ̀. Àwọn 144 ni wọ́n kú, àwọn òṣìṣẹ́ imí-ọjọ́ sì wà lára wọn. Òkè kan náà tún pa òṣìṣẹ́ imí-ọjọ́ 5 ní ọdún 1962.

Ibi ìwakùsà imí-ọjọ́ tí ó tóbi jù lọ níbẹ̀ ni Matsuo, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1914. Àwọn èèyàn ti ọ̀nà jíjìn wá síbẹ̀ nítorí iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti fi ilé sílẹ̀ wá ro oko níhìn-ín. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ó lé ní 10,000 èèyàn tí ń gbé orí òkè náà, nínú ilé alájà tí ó ní gbogbo ohun ìrọ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960 sí 1969, àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo bẹ̀rẹ̀ sí yọ imí-ọjọ́ kúrò nínú epo rọ̀bì kí èéfín rẹ̀ má baà máa pa àwọn ará ìlú lára, wọ́n sì ń ta èyí tí wọ́n yọ ní owó pọ́ọ́kú. Kò pẹ́ tí ọjà Matsuo fi kú. Ilé-iṣẹ́ náà wọ gbèsè ní ọdún 1969, àwọn èèyàn sì tú ká. Àwọn ilé wọn ṣì wà ní òró láìsí ẹni tí ń gbé inú wọn.

Ohun kan kò tíì tán níbẹ̀. Omi tí ń gba inú ihò ìwakùsà náà kọjá kan gan-an, ó sì ń ba odò ìsàlẹ̀ jẹ́. Láti ọdún 1982 ni ìjọba ti ń da ẹfun òkúta sínú omi náà tọ̀sántòru kí ó tó wọnú odò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ omi kíkan yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà kàn án bí a bá dé orí ajílẹ̀.

ÒKÈ TIWA ŃKỌ́?

Ẹni tí ó bá gbọ́ gbogbo èyí lè béèrè pé, ǹjẹ́ òkè Kufena kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan? Rárá o. Òkè Kufena àti àwọn òkè àpáta yòókù tó yí Zaria ká jẹ́ ẹbí Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè. Inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni òkúta wọn ti tutù láyé àtijọ́, òjò àti ọ̀gbàrá ni ó sì wẹ ilẹ̀ kúrò lórí wọn títí wọ́n fi yọ jáde. Kò sí iná kankan lábẹ́ wọn. Ilẹ̀ tí ó mì ní Kwoi, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Kaduna, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mímì nìkan nìyẹn, kò sí òkè oníná níbẹ̀.

Òkè oníná ti wà ní Nàìjíríà rí. Àwọn tí wọ́n ti gba ọ̀nà Panyam àti Kerang kọjá lórí ilẹ̀ olókè Jos ti rí àwọn òkè tí ó rí ṣóńṣó, tí ilẹ̀ ìdí wọn sì dúdú. Òkè oníná ni wọ́n kí wọ́n tó kú. Bákan náà ni ó rí ní Biu, ní Ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí adágún omi Tilla ti wà nínú ẹnu òkè tí ó ti kú. Èyí tí ó ṣì wà láàyè nítòsí wa ni Òkè Kamẹrúùnù, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 4,000. Ó tú iná ní ọdún 1982, ní 1999, ní 2000 àti ní 2012.

Àwọn tí wọ́n bá dé ìdí òkè yẹn á ròyìn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀pẹ ti ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé eérú àti òkúta tuntun tí òkè oníná ń tú jáde kún fún oúnjẹ ohun ọ̀gbìn, imí-ọjọ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ní Dakace kò rí bẹ́ẹ̀. Ara òkúta àtijọ́ bíi ti Kufena ni ó ti wá, pẹ̀lú eruku tí ọyẹ́ ń fẹ́ wá láti apá aṣálẹ̀. Òjò ti ń fọ̀ ọ́ láti àìmọye ọdún. Ilẹ̀ tí ó ti gbó ni. Ó ṣeé ro, ó sì ń so, ṣùgbọ́n kò ní ibi kan tí ó ti lè rí imí-ọjọ́ tuntun gbà bí kò ṣe lọ́wọ́ àwa tí ń ro ó.

IṢẸ́ IMÍ-ỌJỌ́ LÁRA OHUN Ọ̀GBÌN

Kò sí ohun ẹlẹ́mìí kan tí ó lè dàgbà láìní imí-ọjọ́ lára. Ohun tí ń mú kí àlùbọ́sà ta wá lójú nígbà tí a bá ń gé e, imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Òórùn aáyù, imí-ọjọ́ ni. Òórùn ẹyin tí ó bàjẹ́, òun náà ni. Nínú ẹ̀pà, ẹ̀wà àti sóyà, imí-ọjọ́ wà lára èròjà tí ń mú ara ọmọ wa le, tí ó ń ró wọn lágbára. Nígbà tí ilẹ̀ kò bá ní in tó, ẹ̀pà á yọ ewé ṣùgbọ́n kò ní í gbó dáadáa, àlùbọ́sà kò sì ní í ta bó ṣe yẹ.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n lóko? Ẹ wo ewé. Bí ó bá jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀, èyí tí ó dàgbà, ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n, àìtó oúnjẹ tí ó wà nínú Urea ni ó sábà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ewé ọ̀jẹ̀lẹ̀ tí ó wà lókè ni ó kọ́kọ́ ń pọ́n, tí gbogbo ojú ewé náà sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí a fura sí imí-ọjọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rí irú ewé bẹ́ẹ̀, tí a sì tún da Urea sí i, tí kò sì yí padà. Ohun tí ebi rẹ̀ ń pa ohun ọ̀gbìn náà kọ́ ni a fún un jẹ.

Èyí kì í ṣe àhesọ. Ní Samaru, tí kò jìnnà sí wa, ni Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ wà, èyí tí ó di apá kan Yunifásítì Ahmadu Bello nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1962. Láti bí ọdún 1950 ni àwọn onímọ̀ ti rí i lórí ẹ̀pà ilẹ̀ Hausa pé ajílẹ̀ superphosphate ń ṣe dáadáa ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, imí-ọjọ́ tí ó fara pamọ́ sínú rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹ rántí pé ayé ìgbà náà ni ẹ̀pà ń lọ sókè òkun láti Kano ní ọ̀kẹ́ àìmọye àpò. Ọdọọdún ni imí-ọjọ́ ilẹ̀ wa ń bá àwọn àpò wọ̀nyẹn lọ.

BÍ Ó ṢE Ń SÁ LỌ MỌ́ WA LỌ́WỌ́

Ọ̀nà mẹ́ta ni imí-ọjọ́ ń gbà kúrò lóko. Ọ̀nà kìíní ni ìkórè. Ohun tí a bá kó lọ sí ọjà kì í padà wá mọ́. Ọ̀nà kejì ni òjò. Ilẹ̀ wa níyanrìn, òjò ńlá ìgbà òjò sì ń fọ imí-ọjọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò lè dé.

Ọ̀nà kẹta ni iná, ìyẹn gan-an sì ni ó wà ní ìkáwọ́ wa. Inú ewé, koríko àti pòròpóró tí ó ti jẹrà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú imí-ọjọ́ ilẹ̀ wa ń gbé. Bí a bá kó pòròpóró ọkà bàbà àti ti àgbàdo jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí a sì ti iná bọ̀ ọ́, eérú á kù nílẹ̀ lóòótọ́, eérú náà sì wúlò. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ kì í dúró nínú eérú bí ó ṣe yẹ. Apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ á di gáàsì, á bá èéfín lọ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì gbé e kúrò. Ohun tí àwọn èèyàn Japan gun òkè oníná lọ wà, tí 72 nínú wọn kú lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òun ni àwa ń fi ìṣáná kan rán lọ sójú ọ̀run.

Àwọn kan lè wí pé òjò á tún mú un padà wá. Òjò ń mú díẹ̀ wá ní tòótọ́. Ní ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ tàbí tí òkè oníná ń bẹ, díẹ̀ kọ́ ni ohun tí òjò ń mú wá. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lórí omi òjò àríwá Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1974, fi hàn pé ohun tí òjò ọdún kan gbáko ń mú wá sórí hẹ́kítà kan kò ju bíi kílò 1 lọ. Ẹ wá fi èyí wé àpò ajílẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èkíní: ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun àtimáa dáná sun oko. Pòròpóró tí a kò bá fi ṣe ọgbà tàbí iná ìdáná, kí a ṣẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ikán àti òjò máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí a kó o sí ààtàn. Koríko ẹ̀pà àti ti ẹ̀wà, kí a fún ẹran jẹ, kí ìgbẹ́ ẹran náà sì padà sóko. Bí ẹ̀rù iná ìgbẹ́ bá ń bà wá, kí a ro ẹ̀gbẹ́ oko yí ká kí ọyẹ́ tó mú.

Èkejì: ẹ jẹ́ kí a mú ààtàn ní ọ̀rẹ́. Pàǹtí ilé, ìgbẹ́ adìyẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ti màálù, imí-ọjọ́ ń bẹ nínú gbogbo wọn. Àwọn àgbẹ̀ Hausa aládùúgbò wa ti mọ èyí láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di taki sẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sóko. Àwọn mìíràn ń bá Fúlàní ṣe àdéhùn kí màálù sùn lórí oko wọn fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìkórè. Ìwà aládùúgbò rere ni, ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ sì ni. Ní Samaru, lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò sí ní 1950, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wo ìgbẹ́ ẹran àti ajílẹ̀ òyìnbó papọ̀. Ilẹ̀ tí ó ń gba ìgbẹ́ ẹran ni kò tètè bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta: kí á tó ra ajílẹ̀ òyìnbó, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó mọ̀wé ka ara àpò rẹ̀ fún wa. Lẹ́tà S ni àmì imí-ọjọ́. Àpò Urea kílò 50 kò ní imí-ọjọ́ kankan. Àpò NPK tí a kò bá kọ S sí lára, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé e fún imí-ọjọ́. Àpò Single Superphosphate kílò 50, tí wọ́n ń gé kúrú sí SSP, ní bíi kílò 6. Àpò Sulphate of Ammonia kílò 50 ní bíi kílò 12. Àpò SSP kan ṣoṣo ju ohun tí òjò ọdún 5 lè mú wá fún hẹ́kítà kan lọ. Fún ẹ̀pà àti ẹ̀wà, SSP ni ó dára jù. Iye tí a ó dà sí oko kọ̀ọ̀kan, kí a béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ń bẹ̀ wá wò.

Kí á mọ̀ pẹ̀lú pé irú SSP yìí kì í ṣe ohun àjèjì ní ìpínlẹ̀ wa. Ní ọdún 1976 ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní Kaduna. Wọ́n ń sun imí-ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun, wọ́n ń sọ èéfín rẹ̀ di ásíìdì, wọ́n sì ń da ásíìdì náà sórí òkúta fọ́sífétì tí wọ́n ti lọ̀. Bí imí-ọjọ́ ṣe ń wọ inú àpò nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin: àpọ̀jù kò dára. Ẹ rántí omi kíkan Matsuo. Sulphate of Ammonia tí a bá ń dà sí ilẹ̀ kan lọ́dọọdún láìsí ìgbẹ́ ẹran a máa sọ ilẹ̀ náà di kíkan, ilẹ̀ kíkan kì í sì í gbe ohun ọ̀gbìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ra imí-ọjọ́ lúbúlúbú lọ́jà láti dà sóko. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó di ohun tí gbòǹgbò lè fà mu, ó sì máa ń mú ilẹ̀ kan.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ILÉ

Ohun tí ó jẹ́ oúnjẹ fún oko lè jẹ́ ikú fún ilé, nítorí náà a kò gbọdọ̀ parí ọ̀rọ̀ yìí láìkìlọ̀.

Àwọn kan a máa sun imí-ọjọ́ nínú yàrá láti fi lé ejò tàbí kòkòrò. Èéfín yẹn ni gáàsì kejì tí a sọ, èyí tí ń ta ni nímú. Nígbà tí òkè Miyakejima ní Japan bú ní ọdún 2000, gáàsì yìí ni kò jẹ́ kí àwọn ará erékùṣù náà, tí wọ́n tó 3,800, padà sílé títí di ọdún 2005. Ní ìlú Yokkaichi, èéfín imí-ọjọ́ láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo fa ikọ́ fée fún ọmọdé àti àgbàlagbà. Bí ó bá le àwọn ará odindi erékùṣù kúrò nílé, kí ni kò ní ṣe fún ọmọ ọwọ́ nínú yàrá kan? Kí a ro àyíká ilé, kí a dí ihò ara ògiri, ejò kò ní rí ibi sá sí.

Gáàsì kìíní, tí ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, burú ju èyí lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ó pa àwọn 4 tí wọ́n ń gun òkè Adatara ṣeré. Ẹ̀tàn rẹ̀ ni pé bí ó bá kéré, à ń gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀, ó máa ń pa imú kú, a ó sì rò pé ó ti lọ. Ẹ̀yin ará wa, kò dìgbà tí a bá dé Japan kí a tó pàdé gáàsì yìí. Ó ń bẹ nínú ṣáláńgá àti sọ́kàwé wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ inú ṣáláńgá tàbí sọ́kàwé láti kó o tàbí láti mú ohun tó já sí i, ìbáà ṣe fóònù tàbí owó. Bí ẹnìkan bá ṣubú síbẹ̀, kí ẹlòmíràn má ṣe bẹ́ tẹ̀ lé e. Kí a ké sí àwọn èèyàn, kí a ju okùn sí i láti òkè, kí a sì ṣí ẹnu ihò náà sílẹ̀ gbayawu. Ẹni kejì tí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ yọ ẹni àkọ́kọ́ ni ó sábà ń di òkú kejì.

Ẹ̀pà tí ó gbó, àlùbọ́sà tí ó ta, ọmọ tí ó jẹun yó, imí-ọjọ́ ní ọwọ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run kò fún wa ní òkè oníná ní Dakace, a dúpẹ́ fún ìyẹn, nítorí a ti rí ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn tí ó fún. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní orísun omi lẹ́yìnkùlé kì í da omi inú àmù rẹ̀ nù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, tí ọwọ́ wa sì fẹ́ gbé ìṣáná, ẹ jẹ́ kí a rántí pé oúnjẹ ẹ̀pà ọdún tí ń bọ̀ ni ó wà nínú pòròpóró yẹn. Kí Ọlọ́run bù sí oko wa o.